Ta là ń wé gèlè fún?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń wá ìwé nípa àrùn jẹjẹrẹ tí kì í ṣe ti dókítà, tí kì í sì í ṣe ti wòlíì, ẹ ka The Cancer Journals. Audre Lorde, akéwì aláwọ̀ dúdú ọmọ New York, ló gbé e jáde ní 1980, lẹ́yìn tí wọ́n gé ọmú rẹ̀ kan ní 1978.

Ọ̀rọ̀ ohun kéékèèké ló dùn jù nínú ìwé náà. Wọ́n gbé irun àgùntàn tí wọ́n rán bí ọmú wá fún un, pé kó kì í sínú kọ́mú. Àwọ̀ rẹ̀ ò tiẹ̀ jọ ti ara rẹ̀. Nígbà tó padà lọ rí dókítà láìwọ nǹkan kan, nọ́ọ̀sì ní kò dáa bẹ́ẹ̀, pé ó ń kó ìrẹ̀wẹ̀sì bá àwọn yòókù. Lorde wá bèèrè pé: Moshe Dayan, ọ̀gágun Ísírẹ́lì, fi awẹ́ aṣọ bo ojú rẹ̀ kan tó fọ́, ta ló sọ fún un pé ó ń bà wọ́n nínú jẹ́?

Láàárín kẹ́mò kẹrin sí ìkarùn-ún ni mo ka ìwé yìí, ní McDonough níbí. Irun mi ti lọ, ẹ̀fọ́ ti di bí irin lẹ́nu mi. Lorde ò sọ púpọ̀ nípa irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, torí iṣẹ́ abẹ ló gbájú mọ́. Ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ka gbogbo ohun tá a fi bo ara sí irọ́. Èmi ò gbà. Kí n tó ṣàìsàn ni mo ti ń wé gèlè.

Àmọ́ ìbéèrè rẹ̀ ò fi mí sílẹ̀. Bí mo bá wé e torí pé ó wù mí, tèmi ni. Bí mo bá wé e kí ẹnikẹ́ni má bàa bi mí ní òde ìnáwó, tiwọn ni. Ẹni tí ò sì mọ̀ ò lè gbé ọbẹ̀ wá, kò lè fi mọ́tò gbé mi gba I-75 lọ sí Atlanta lọ́jọ́ tọ́wọ́ mi bá ń gbọ̀n.

Ní 2014, Wọlé Ṣóyínká là á mọ́lẹ̀ l'Ábẹ́òkúta pé òun gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ prostate. Ẹ lè ní ẹni ńlá nìyẹn. Ìyá tí ọmọbìnrin rẹ̀ ò tíì rílé ọkọ ń bẹ̀rù pé wọ́n á ní ó wà nínú ẹbí wọn, ẹ̀rù yẹn ò sì í ṣe àlá. Lorde ò dáhùn ìyẹn fún wa. Ó kàn fi hàn pé ìdákẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ kà á, kẹ́ ẹ ṣírò tiyín.