Apọntí Tí Ń Yí Ohun Kan Ṣoṣo

Ẹni tí ó bá ń gba Ìgànmú kọjá ní Èkó Àkéte, arómisá lẹ̀gbẹ̀lẹ̀gbẹ̀, tí ó sì bojú wo ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries, níbi tí ìgò ọtí Star àkọ́kọ́ ti jáde ní oṣù Okúdù 1949, lè má mọ̀ pé ojúlówó iṣẹ́ ìwádìí ni ọtí pípọn. Nígbà tí òfin de màlútù báálì òkè òkun ní 1988, àwọn apọntí ní láti yíjú sí àgbàdo àti ọkà bàbà, èyí tí àwọn ìyá wa ti fi ń pọntí láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Nínú irú ìyípadà bẹ́ẹ̀, bí apọntí bá pààrọ̀ ọkà, tí ó pààrọ̀ ìwúkàrà, tí ó sì tún yí ooru omi padà lọ́jọ́ kan náà, tí ọtí wá kan, èwo ni yóò dá lẹ́bi? Ẹni tí ó lé eku méjì yóò pòfo. Ohun kan ni a ń mọ̀ọ́mọ̀ yí, òmíràn ni a ń wọ̀n láti rí èsì, ìyókù ni a so mọ́lẹ̀ gbọin-gbọin.

Síbẹ̀, ẹni tí ó fara balẹ̀ tú eèrà ni yóò rí ìfun rẹ̀: sítáàṣì ọkà bàbà ń fẹ́ ooru tí ó ju ti báálì lọ kí ó tó tú. Bí a bá so ooru mọ́lẹ̀ síbi tí ó bá báálì lára mu, a ti dá ọkà bàbà lẹ́jọ́ èké. Ibí yìí ni mo ti ń bọ̀wọ̀ fún apọntí tòótọ́, tí yóò kọ́kọ́ wá ooru tí ó yẹ ọkà kọ̀ọ̀kan, kí ó tó fi wọ́n wéra.