Ẹrù Òkè Kilimanjaro

Ẹni tó bá mọ ẹrù dì fún òkè Kilimanjaro ní Tàǹsáníà, ẹ bá mi kí i kú iṣẹ́. Òkè náà ga tó mítà 5,895. Ooru ń mú nísàlẹ̀, yìnyín wà lókè, ẹrù kan náà ló sì gbọ́dọ̀ kápá méjèèjì.

Àpò ìsùn, tí ẹnikẹ́ni kò ní í fọwọ́ kàn títí di alẹ́, á lọ sí ìsàlẹ̀. Ohun tó wúwo á sún mọ́ ẹ̀yìn, kí àpò má baà máa fa èèyàn sẹ́yìn. Aṣọ òjò ló ń gbẹ̀yìn wọlé, torí òjò inú igbó ibẹ̀ kì í kìlọ̀. Aṣọ òwú? Rárá o. Tó bá ti mu òógùn, kì í tètè gbẹ, òtútù dé nìyẹn.

Ọgbọ́n tó wù mí jù ni ti omi. Lóru tí wọ́n máa gun góńgó, wọ́n á dorí ìgò kodò sínú àpò. Láti òkè ni omi ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì, nítorí náà ìdí ìgò ni yìnyín á kọ́kọ́ mú, ẹnu rẹ̀ á ṣì ṣeé ṣí. Bátìrì iná orí ńkọ́? Inú àpò ìsùn lòun àti olówó rẹ̀ jọ ń sùn, kí òtútù má baà pa á.

Àwọn alágbàrù ibẹ̀ ni ọ̀gá pátápátá. Àgọ́, ìkòkò àti oúnjẹ ń bẹ lọ́rùn wọn, síbẹ̀ wọ́n máa ń ṣáájú àlejò dé ibùdó. Wọ́n ń wọn ẹrù wọn lẹ́nu géètì, kò sì gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ. Ìwé nínípọn tí àlejò kò ní í ṣí wò wà nínú rẹ̀.