Alárinà Inú Kẹ́mísírì: Àyẹ̀wò Ìtàn Iṣẹ́ Ìwádìí Richard Heck

Bí olùkọ́ bá fẹ́ fi èdè Yorùbá ṣàlàyé ohun tí catalyst jẹ́, kò sí òwe tó sún mọ́ ọn tó èyí tó sọ pé bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá. Èròjà kékeré kan so èròjà méjì pọ̀, iṣẹ́ parí, òun náà sì kúrò níbẹ̀ láìdínkù. Àpèjúwe yìí dùn, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi wọn iṣẹ́ Richard Heck, ọmọ Amẹ́ríkà, ibi tí ó kù sí yóò hàn.

Ọdún 1931 ni wọ́n bí Heck. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California, Los Angeles, ní 1954. Ilé-iṣẹ́ Hercules ní Delaware ni ó ti ṣe iṣẹ́ tó sọ ọ́ di olókìkí, kì í ṣe ọgbà yunifásítì. Ní 1968, ó tẹ àpilẹ̀kọ méje jáde tẹ̀ léra wọn nínú ìwé àtìgbàdégbà kan ṣoṣo, òun nìkan sì ni òǹkọ̀wé gbogbo wọn. Kókó inú wọn ni bí palladium ṣe lè so carbon mọ́ carbon.

Àwọn kan a máa sọ ìtàn náà bí ẹni pé ibẹ̀ ló parí sí. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Èròjà tó ní mercury nínú, tí í ṣe májèlé, ni Heck lò nígbà náà. Ní 1971, Tsutomu Mizoroki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì fi hàn pé ó ṣeé ṣe láìsí mercury. Ní 1972, Heck àti Nolley ṣe é lọ́nà tiwọn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi ń pè é ní ìsopọ̀ Mizoroki-Heck. Mizoroki ti kú kí ẹ̀bùn Nobel tó dé ní 2010. Heck, tó ti fẹ̀yìntì láti 1989, pín in pẹ̀lú Ei-ichi Negishi àti Akira Suzuki. Olùkọ́ tó bá dárúkọ Heck nìkan ti gé ìtàn náà kúrú.

Alárinà ńkọ́? Alárinà inú òwe kì í di ara ọkọ, kì í sì í di ara ìyàwó. Palladium kò rí bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ wọ àárín carbon àti iodine. Èròjà kejì, alkene, á wá lẹ̀ mọ́ ọn. Orí rẹ̀ gan-an ni àwọn méjèèjì ti ń so pọ̀. Ìgbà tí èyí bá parí ni yóò tó jáde, tòun ti ẹrù hydrogen àti iodine lọ́rùn. Bí kò bá sí base tí yóò gba ẹrù yìí, kò ní lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Òwe kò mẹ́nu ba agbẹ́rù yìí rárá! Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbára lé òwe nìkan nínú ìdánwò yóò kọ ọ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni palladium dúró sí tó ń wòran, yóò sì gba òdo.

Kò yẹ kí wọ́n tìtorí èyí sọ òwe náà nù. Olùkọ́ girama ní Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin, tí kò lè retí palladium nínú yàrá ìwádìí rẹ̀, lè fi òwe náà ṣílẹ̀kùn, kí ó wá mú abẹ́rẹ́ télọ̀ jáde. Abẹ́rẹ́ a máa wọ inú aṣọ méjèèjì kí wọ́n tó di ọ̀kan, á jáde, á sì tún rán òmíràn. Abẹ́rẹ́ náà ní àbùkù tirẹ̀: òwú rẹ̀ a máa kù sára aṣọ, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ìsopọ̀ yìí fi nǹkan kan palladium sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ṣe oògùn ṣì ń ṣe làálàá láti fọ ìyókù rẹ̀ kúrò.