Bí Ẹ́ńjìnnì Bá Kú Lókè Oko Òwú

Awakọ̀ bàálù akérò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú lókè réré ṣì ní àyè díẹ̀: á ráyè yẹ ìwé ìlànà wò, á ráyè ké sí àwọn tó wà nílẹ̀. Ẹni tó ń fi bàálù fín oògùn sóko òwú ní Texas tàbí Louisiana ò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 10 péré ló fi ga ju ewé òwú lọ, eré tó ń sá sì lè tó máìlì 140 ní wákàtí kan. Síbẹ̀, léraléra ni irú àwọn awakọ̀ yìí ń tú bẹ́líìtì wọn, tí wọ́n ń fẹsẹ̀ ara wọn rìn kúrò nídìí bàálù tó ti bàjẹ́. Iṣẹ́ ọwọ́ ńlá ni, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ wò ó.

Bí ẹ́ńjìnnì ṣe kú, ẹ wo ọwọ́ awakọ̀ méjèèjì. Ọwọ́ ọ̀tún wà lára ọ̀pá ìdarí. Díẹ̀ ló máa fà á sẹ́yìn kí imú bàálù lè gbé sókè. Eré tó kù lára bàálù ló ń sọ di gíga. Ọwọ́ òsì ti dé ìdí irin tó ń ṣí ilẹ̀kùn abẹ́ àgbá oògùn. Àgbá bàálù oko tí wọ́n ń pè ní Air Tractor AT-802 ń gba gálọ́ọ̀nù 800. Bó bá kún, ẹrù bíi tọ́ọ̀nù 3 nìyẹn, ó sì gbọ́dọ̀ dà nù lójú ẹsẹ̀. Ibí la ti ń mọ àgbà yàtọ̀ sí òpè. Bí ẹrù yẹn ṣe ń bọ́, ńṣe ni bàálù máa ń ta imú sókè fúnra rẹ̀. Bí imú bá ga jù, eré á tán, apá bàálù ò ní lè gbé e mọ́, á sì já bọ́ bí òkò. Nítorí náà, bí ọwọ́ òsì ṣe ń da ẹrù nù, ọwọ́ ọ̀tún ti ń ti ọ̀pá náà síwájú. Ìfà àti ìtì, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan.

Ó wá ku ibi tí yóò balẹ̀ sí. Ojú á fẹ́ wẹ̀yìn, síbi pápá tó ti gbéra. Àwọn tó mọṣẹ́ kì í yí padà, torí níbi tó relẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, títẹ bàálù sẹ́gbẹ̀ẹ́ láti yí ló ń pa ni. Iwájú ni wọ́n ń balẹ̀ sí, wọ́n á sì tọ ebè lọ gbọọrọ. Ẹni tó bá dábùú ebè, àfàìmọ̀ ni táyà rẹ̀ ò ní há, kí bàálù sì dojú délẹ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Láàárọ̀, kí awakọ̀ tó gbéra, ó ti gbé ife kékeré kan tó mọ́ gaara sábẹ́ bàálù, ó fa epo díẹ̀ sí i, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Omi wúwo ju epo lọ, ìsàlẹ̀ ife ló ń lọ bà sí; bó bá rí ìlà tó pín méjèèjì níyà, á máa fà á títí á fi ku epo nìkan. Omi inú epo wà lára ohun tó ń pa ẹ́ńjìnnì. Epo tó tán láìròtẹ́lẹ̀ wà níbẹ̀, irin inú ẹ́ńjìnnì tó ṣẹ́ náà wà níbẹ̀. Kí awakọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ sóko, ó ti yí oko náà ká, ó ti ṣọ́ òpó iná àti wáyà. Gbogbo ìgbà tó bá sì ń ṣẹ́rí padà ní ìpẹ̀kun oko, ojú rẹ̀ ń wá ibi tó ṣófo: bí ẹ́ńjìnnì bá kú báyìí, ọ̀hún ni.

Àwọn tó ṣe bàálù náà tún ní ìpín nínú iṣẹ́ yìí. Ní ọjọ́ 3, oṣù Kẹjọ, ọdún 1921, tí John Macready da oògùn sórí àwọn igi tí kòkòrò ń jẹ nítòsí Troy, ní Ohio, bàálù ológun tí wọ́n tún ṣe ló gbé lọ. Lọ́dún 1950, ní yunifásítì Texas A&M, Fred Weick ṣe bàálù Ag-1, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún oko. Ó gbé àgbá oògùn sáàárín ẹ́ńjìnnì àti awakọ̀, ó gbé ìjókòó ga sẹ́yìn, ó fi bẹ́líìtì de èjìká. Bí bàálù bá forí sọlẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti àgbá ló ń kọ́kọ́ jẹ ìyà. Bàálù tí Leland Snow ṣe ní Olney, ní Texas, tò bẹ́ẹ̀ náà.

Ohun tí mo fi ń kan sáárá sí àwọn awakọ̀ yìí jù ni pé wọn kì í dúró ṣírò àdánù. Owó ni oògùn inú àgbá, owó ńlá ni bàálù, àgbẹ̀ tí wọ́n sì tẹ òwú rẹ̀ fọ́ á bínú. Ẹni tó bá dúró ro ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí ti pẹ́ jù. Awakọ̀ tó mọṣẹ́ ti gba àdánù náà láti ìgbà tó ti ń de bẹ́líìtì. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ara rẹ̀ nìkan ló kù tó máa gbà sílẹ̀.