Ta Ló Wà Níbẹ̀? Ìwé Buchi Emecheta àti Ọ̀rọ̀ Kíkó Lọ sí Èkó

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni olóòtú wa kọ̀wé sí mi láti Èkó pé kí n kó wá sí olú iléeṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ láti Tube àti gbogbo agbègbè Ìpókíá. Ọ̀kadà ni ẹsẹ̀ mi, tábìlì inú yàrá ni ọ́fíìsì mi. Wọ́n ní owó oṣù mi yóò lé sí i dáadáa. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ ò ní bá mi yọ̀? Èmi yọ̀. Mo mú bírò, mo bẹ̀rẹ̀ ìṣirò: owó ilé, owó ọkọ̀, owó ilé-ìwé àwọn ìbejì, oúnjẹ àbíkẹ́yìn wọn tó ṣì wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ajẹ́ńtì kan tí mo pè lórí fóònù ní owó ọdún méjì lòun máa gbà. Bẹ́ẹ̀, òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 sọ pé kí onílé má gbà ju ti ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba ilé lọ́dọọdún. Mo ní kò burú, a ó wá a.

Kì í ṣe owó nìkan ló ń tì mí. Ẹni tó bá ń gbé ẹnu ibodè mọ ohun tí ojú wa rí. Ní August 2019 ni ìjọba àpapọ̀ ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Nígbà tó di November ọdún yẹn, wọ́n tún ní kí ẹnikẹ́ni má gbé bẹntiróò lọ sí ilé epo tó bá wà láàárín kìlómítà 20 sí ibodè. Wọ́n ṣí ibodè mẹ́rin ní December 2020, ti Ìdí-Ìrókò kò sí nínú wọn. April 2022 ló tó kan tiwa. Kó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mo mọ̀ ti gba Sángo-Ọ̀tà àti Èkó lọ. Àwa tó ṣẹ́kù ń wo ojú ọ̀nà.

Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo fọ̀rọ̀ lọ̀. Bàbá náà kò sọ pé kí n lọ, kò sọ pé kí n má lọ. Ó wọ yàrá, ó mú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya jáde, ó ní, "Lọ ka èyí ná, kí o tó di ẹrù." The Joys of Motherhood ni, èyí tí a lè pè ní Ayọ̀ Abiyamọ. Buchi Emecheta ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1979. Ará Ibuza ni àwọn òbí rẹ̀, Èkó ni wọ́n bí òun sí ní 1944, London ló sì kú sí ní January 2017. Ẹni tí òbí rẹ̀ kó wá sí Èkó, tí òun náà tún kó ọmọ lọ sí London, kì í ṣe àgbọ́sọ ló ń sọ tó bá kan ọ̀rọ̀ kíkó.

Ìyá àwọn ọmọ mi kì í ka ìwé Òyìnbó. Nítorí náà, lálaalẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, èmi ni mo ń fi Yorùbá sọ ohun tí mo kà fún un. Ìdí nìyẹn tí ìdájọ́ tí ẹ ó kà níhìn-ín fi jẹ́ ti ènìyàn méjì.

Ìtàn Nnu Ego ni ìwé náà, ọmọ ọkùnrin pàtàkì kan ní Ibuza. Ilé ọkọ àkọ́kọ́ kò gbè é nítorí pé kò rí ọmọ bí. Bàbá rẹ̀ gbà á padà, ó sì tún fà á fún ìdílé mìíràn. Nnaife, ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ni wọ́n fẹ́ ẹ fún, ojú Nnu Ego kò sì kàn án rí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ ló mú un dé Yábàá. Nígbà tí ọkọ máa wọlé, ẹni tó rí ni ọkùnrin oníkùn kan tó jẹ́ alágbàfọ̀ fún Òyìnbó, tó ń fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ títí kan àwọ̀tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ó lóyún fún un, ó bí ọmọkùnrin. Ọmọ náà kò dàgbà tó fi kú mọ́ ọn lójú. Ibẹ̀ gan-an ni Emecheta ti ṣí ìwé rẹ̀. Ọdún 1934 ni, ìyá kan ń sáré gba ìgboro Èkó kọjá, ó ń lọ sórí Afárá Carter kó lè bẹ́ sómi.

Mo rò pé tí mo bá sọ ọ́ débẹ̀ ìyàwó mi yóò ní Èkó burú. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, ta ló wá dì í mú?" Mo ní ọmọ Ibuza kan ni, ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, òun ló dá a mọ̀ láàárín èrò. Ìyàwó mi mi orí. Ó ní, "Ẹ ò rí i? Gbogbo èrò orí afárá ń wò ó, ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọmọ ẹni tó jẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè ka ìwé náà bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kà á mọ́. Àwọn kan ní ohun tó ń sọ ni pé ìlú ńlá ló ń ba ìdílé jẹ́, oko ló dára. Àwọn mìíràn ní ìyà obìnrin ló ń sọ. Ìyà obìnrin wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ tún un kà, kí ẹ máa wo ọwọ́ tó ń di Nnu Ego mú ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ ṣubú. Owó oṣù Nnaife kọ́ ni. Nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, Òyìnbó tó ń fọṣọ fún kó lọ sílé, iṣẹ́ tán lọ́jọ́ kan náà. Ó bá ọkọ̀ ojú omi lọ sí Fernando Po, ìyàwó kò gbúròó rẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Ó padà dé, ó rí iṣẹ́ koríko gígé ní rélùwéè, ni wọ́n bá tún fipá kó o wọ ṣọ́jà, wọ́n gbé e dé India àti Burma. Owó ọkọ ń wá, ó ń lọ bí òjò àkọ́rọ̀. Àwọn tó dúró ni Cordelia, ìyàwó kúùkù tí wọ́n jọ ń gbé nínú ọgbà Òyìnbó náà, àti àwọn obìnrin Ibuza tó ń ṣe ìpàdé ní Èkó, tí wọ́n ràn án lọ́wọ́ kó lè rí nǹkan tà.

Ẹ wá wo ibi tí òǹkọ̀wé gbé ìtàn náà parí sí. Nnu Ego bímọ, ó fi wọ́n sílé-ìwé, ọ̀kan dé Amẹ́ríkà, ọ̀kan dé Canada. Òun fúnra rẹ̀ padà sí Ibuza, ẹ̀bá ọ̀nà ló kú sí lóru ọjọ́ kan, kò sí ọmọ tó di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sí ọ̀rẹ́ tó bá a sọ̀rọ̀. Emecheta kò fi ìdí ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ó jẹ́ kó yé wa pé ọmọ títọ́ kò jẹ́ kí Nnu Ego ráyè ní ọ̀rẹ́ púpọ̀ láyé rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé Ibuza ló kú sí, kì í ṣe Èkó. Ẹni tó bá ní ìwé yìí ń yin oko kò tíì kà á dé ìparí.

Orogún rẹ̀, Adaku, ni ìyàwó mi fẹ́ràn jù. Àwọn ọmọ Ibuza tó wà ní Èkó fojú tín-ín-rín rẹ̀ nítorí pé obìnrin ló bí. Ó bínú, ó kó jáde, ó dojú kọ ọjà, ó sì fi owó rẹ̀ rán àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ nílé-ìwé. Mo ní, "Ṣé o ti ń múra àtijáde ni?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Rárá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé, tí mo bá débẹ̀, kí n má lọ máa tẹ́wọ́ gbowó iyọ̀."

Àléébù wà nínú ìwé náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Èkó ni púpọ̀ ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, àmọ́ àwọn Yorùbá inú rẹ̀ dà bí àwọn tó ń kọjá lójú fèrèsé. Nnu Ego bí ìbejì obìnrin, Táíwò àti Kẹ́hìndé ni wọ́n sì ń jẹ́. Orúkọ wa ni, àbí? Inú mi dùn bí mo ti kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí Kẹ́hìndé fẹ́ fẹ́ ọmọ alápatà Yorùbá tó jẹ́ aládùúgbò wọn, bàbá rẹ̀ fa àdá yọ, ó sì ṣẹ̀wọ̀n nítorí rẹ̀. Ìdílé tí wọ́n ti ń gbé àárín wa láti ọjọ́ yìí wá, kí ni wọ́n ń bá aládùúgbò sọ láàárọ̀? Òǹkọ̀wé kò jẹ́ ká gbọ́ ọ tó. Nnaife náà, ẹ̀fẹ̀ ló fi í ṣe jù. Bí a bá ń sunkún pé kò sẹ́ni tó bi Nnu Ego léèrè kí wọ́n tó mú un wá sí Èkó, ta ló bi Nnaife léèrè kí wọ́n tó gbé e lọ sógun? Mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin náà ń rò nínú ọkọ̀ ojú omi.

Ẹnì kan lè ní kí wọ́n ṣáà ti bi obìnrin léèrè, gbogbo rẹ̀ ti tán. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ títí mo fi rántí Second-Class Citizen, ìwé tí Emecheta yìí kan náà kọ ní 1974. Adah inú ìyẹn, òun fúnra rẹ̀ ló fẹ́ lọ sí London. Ó níṣẹ́ gidi ní Èkó, ó fi ọgbọ́n yí àwọn àna lọ́kàn padà, ó kó ọmọ méjì, ó wọkọ̀ ojú omi lọ bá ọkọ. Wọ́n dé London, àwọn onílé kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú. Kí ó lè ṣiṣẹ́, ó gbé ọmọ fún olùtọ́jú kan tí kò mọ ìwà rẹ̀, ọmọkùnrin rẹ̀ sì kó àìsàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bi léèrè ni, ẹni tó lówó lọ́wọ́ ni, àmọ́ kò ní ẹni tó lè gbé ọmọ tì.

Àwọn baba wa lẹ́nu ibodè níhìn-ín mọ nǹkan kan nípa èyí. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asíwájú, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ṣàlàyé nínú Western Yorubaland Under European Rule, tó jáde ní 1976, bí àwọn ènìyàn wa tó wà lábẹ́ Faransé ṣe ń sá wá sí apá ti Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń sá fún iṣẹ́ túláàsì àti owó orí, wọ́n sì ń sá fún ṣọ́jà tí wọ́n ń fipá kó wọn wọ̀, pàápàá nígbà ogun 1914 sí 1918. Tọmọtọmọ ni àwọn mìíràn fi ń ṣí. Síbẹ̀, kì í ṣe inú igbó lásán ni wọ́n ń sá lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà ni, àwọn tí okùn ìbátan ti so pọ̀ kí Òyìnbó tó fa ìlà sáàárín.

Nígbà tí mo ka ìwé náà tán, mo ya bébà ìṣirò mi àkọ́kọ́. Mo ní kí ìyàwó mi pọn ọmọ, kó lọ fi ojú ara rẹ̀ wo Èkó kí a tó sọ ohunkóhun. Ọjọ́ mẹ́wàá ló lò. Ó wo ilé kan tó sún mọ́ iléeṣẹ́ wa, ẹ̀rọ omi wà níbẹ̀, ilẹ̀ rẹ̀ ń dán. Ó ní ọjọ́ méjì lòun fi kí àwọn ará ilé náà, ìlẹ̀kùn ni wọ́n ń tì. Ó tún wo yàrá méjì kan ní apá Agége, ní òpópónà tí àbúrò ìyá rẹ̀ ń gbé. Omi kànga ni, ọkọ̀ méjì ni n óò máa wọ̀ dé ibi iṣẹ́. Ó ní, "Ibẹ̀ ni mo fẹ́. Tí ọmọ bá ké lóru, Àǹtí á gbọ́. Gàrí Tube ni n óò sì máa kó wá tà."

Mo fẹ́ jiyàn. Owó tí wọ́n fi kún owó oṣù mi, inú ọkọ̀ ni ìdajì rẹ̀ máa bọ́ sí. Mo mú bébà mìíràn, mo kọ orúkọ àwọn tí mo lè pè ní aago méjì òru bí ọmọ bá ń gbóná. Ní Tube, mo kọ orúkọ mẹ́tàlélógún kí n tó gbé bírò sílẹ̀. Ní Èkó, mẹ́rin ni mo rí, méjì nínú wọn ń gbé òpópónà Àǹtí yẹn. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ìparí oṣù yìí ni a ó kó. Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń ronú àtikó ìdílé lọ sí Èkó, Ìbàdàn tàbí ìlú Òyìnbó, ẹ wá ìwé Emecheta yìí kà. Bí ẹ ò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ní kí ọmọ yín sọ ọ́ fún yín. Ẹ ṣírò owó yín, ó dára. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó san owó ilé, ẹ mú bébà kejì, kí ẹ kọ orúkọ ènìyàn sí i. Bí orúkọ kò bá sí, ẹ má tíì lọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ wá ẹni tí ẹ ó mọ̀.