Nọ́ńbà Orí Àwòrán: Powerman àti Òǹkàwé Nàìjíríà

Ní ọdún 1975 ni ìwé kọ́míìkì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Powerman jáde ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ṣe é: Don Avenell àti Norman Worker ni ó kọ ìtàn inú rẹ̀, Dave Gibbons àti Brian Bolland sì ni ó ya àwòrán rẹ̀. Akọni inú ìwé náà jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ, tí ó sì ń fò lójú ọ̀run. Nàìjíríà ni wọ́n ti kọ́kọ́ tà á. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n sì ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí àwọn olólùfẹ́ kọ́míìkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń sọ nípa rẹ̀ títí di òní, ó ṣòro láti rí ẹni tí ó ra ìwé náà tí ó sì kà á. Ìtàn àwọn ayàwòrán ni wọ́n ń sọ.

Ìtàn ọ̀hún kì í ṣe kékeré. Gibbons ni ó padà ya Watchmen tí Alan Moore kọ, tí ó jáde láàárín 1986 sí 1987. Bolland ya Judge Dredd nínú 2000 AD, ó sì ya Batman: The Killing Joke ní 1988. Nítorí èyí, lójú àwọn olólùfẹ́, ibi ìkọ́ṣẹ́ ni Powerman: ọ̀dọ́mọkùnrin méjì tí wọ́n ń gba ẹ̀dà ìwé kan ya lọ́wọ́ ara wọn, tí wọ́n ń fi kọ́ bí a ti ń ya àwòrán kí ọjọ́ tó pé. Bí ẹni ń wo aṣọ tí télọ̀ olókìkí kan fi kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe ń wo ìwé náà. Wọ́n ń wo bí ó ṣe gé e, wọ́n ń wo bí ó ṣe rán an, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè ẹni tí ó wọ aṣọ náà jáde.

Ibì kan ṣoṣo ni òǹkàwé Nàìjíríà ti yọjú nínú ìtàn yìí, àpárá ni wọ́n sì fi ń ṣe. Bolland ti ṣàlàyé pé èrò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́ náà ni pé kíka kọ́míìkì kò sí nínú àṣà àwọn ará Nàìjíríà, nítorí náà wọ́n ní láti kọ nọ́ńbà sí àpótí àwòrán kọ̀ọ̀kan kí òǹkàwé lè mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ kà àti èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Àwọn olólùfẹ́ ń tún un sọ láti ẹnu dé ẹnu, wọ́n ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n sì ń kọjá lọ. Nọ́ńbà yìí gan-an ni ó tọ́ kí alámèyítọ́ dúró tì.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé òǹkàwé Nàìjíríà ní 1975 kò mọ bí àwòrán kan ti ń tẹ̀ lé èkejì? Kí Powerman tó dé ni ilé-iṣẹ́ West African Book Publishers ti ń gbé Atọ́ka jáde ní Èkó. Eré àwọn òṣèré alárìnjò ni ó kún inú rẹ̀, tí wọ́n ya ní fọ́tò láti ìran dé ìran, tí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sínú róbótó funfun lẹ́bàá ẹnu ẹni tí ó ń sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ń ka Atọ́ka ti mọ̀ pé àlàfo tín-ínrín tí ó wà láàárín fọ́tò méjì lè jẹ́ ìṣẹ́jú kan, ó sì lè jẹ́ ọdún mẹ́ta. Ó mọ̀ pé ojú ìyálé nínú fọ́tò tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú lè ju ọ̀rọ̀ ojú ìwé kan lọ. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ẹ̀wẹ̀, African Film tí ilé-iṣẹ́ Drum ń tẹ̀ ti mú kí àwọn ọ̀dọ́ mọ Lance Spearman, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Spear. Fọ́tò àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ìtàn tirẹ̀ náà. Bí a bá sì fi ti fọ́tò sílẹ̀, Akínọlá Láṣekàn ti ń ya àwòrán ẹ̀fẹ̀ nípa òṣèlú sínú West African Pilot láti àwọn ọdún 1940, nígbà tí Josy Ajíbóyè ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ Daily Times ní àkókò Powerman gan-an.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé ilé ìwé. January 1955 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó wọlé lọ́jọ́ náà ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n nígbà tí Powerman dé orí àtẹ. Òun àti àwọn àbúrò rẹ̀ ni wọ́n rò pé kò ní mọ ibi tí ojú yóò gbà.

Kí a má ṣe ṣe àbùmọ́ ọ̀rọ̀ náà. Nọ́ńbà fúnra rẹ̀ kì í ṣe èébú. Nígbà tí Winsor McCay bẹ̀rẹ̀ Little Nemo nínú ìwé ìròyìn New York ní 1905, òun náà kọ nọ́ńbà sí àwọn àpótí àwòrán rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó torí èyí kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará New York kò ní àṣà àwòrán. Iṣẹ́ ọnà náà ṣì jẹ́ tuntun ni wọ́n wí. Àmọ́ nígbà tí nọ́ńbà kan náà dé ojú ìwé tí wọ́n fẹ́ tà ní Èkó àti Ìbàdàn, òǹkàwé ni ó di tuntun. Ìyàtọ̀ inú àlàyé yìí ni ó wúwo, ó sì wúwo ju nọ́ńbà lọ.

Irú èrò kan náà hàn nínú bí wọ́n ṣe dá akọni náà. Superman ní òkúta kryptonite tí ó ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ. Powerman ní láti ní ohun tí yóò borí òun náà, wọ́n sì yan oró ejò. Ó rọrùn láti rí bí èrò náà ṣe rìn lọ́kàn ẹni tí ó jókòó sí Lọ́ńdọ̀nù: Áfíríkà, igbó, ejò. Ṣùgbọ́n bí ìtàn bẹ́ẹ̀ bá dé etí ọmọ ọdẹ, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí yóò bi yín ni pé kí ló dé tí alágbára yìí kò sín gbẹ́rẹ́ ejò. Ọdẹ tí kò lágbára kankan láti fò pàápàá kì í wọ igbó láìní ẹ̀rọ̀ oró lọ́wọ́. Nínú ìtàn Yorùbá, inú èèwọ̀ alágbára tàbí ìwà rẹ̀ ni ìṣubú rẹ̀ ti sábà máa ń wá, kì í ṣe ohun tí ó kàn fara sin sí ẹsẹ̀ ọ̀nà. Àkàrà-ògùn tí Fágúnwà dá ní 1938 kún fún òògùn, síbẹ̀ ó ń bẹ̀rù, ó ń sá, ó ń ké pe Ọlọ́run. Ìbẹ̀rù rẹ̀ ni ó mú kí ìgboyà rẹ̀ ní ìtumọ̀. Àìlera tí wọ́n fún Powerman kò kọ́ni ní nǹkan kan nípa Powerman. Ó kàn ń sọ ibi tí wọ́n rò pé ó ń gbé.

Orúkọ rẹ̀ náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní Nàìjíríà ọdún wọ̀nyẹn, bí ènìyàn bá pe “Power”, ajìjàkadì tí wọ́n ń pè ní Power Mike ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn, nítorí náà orúkọ ọ̀hún kò ṣàjèjì létí. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà, wọ́n yí i padà sí Powerbolt, nítorí pé Luke Cage, akọni aláwọ̀ dúdú tí ilé-iṣẹ́ Marvel dá ní 1972, ti ń jẹ́ Power Man. Ní ọjà Nàìjíríà, àwọn méjèèjì lè máa jẹ́ orúkọ kan náà láìsí ẹni tí yóò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó tọ́ kí a fún iṣẹ́ yìí ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé Superman àti Batman ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé ń yá lọ́wọ́ ara wọn, akọni dúdú tí kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni, tí orúkọ rẹ̀ wà lára èèpo ìwé, kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ. Ẹni tí ó bá ka Powerman ní kékeré tí ó sì fẹ́ràn rẹ̀ kò ṣìnà. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni pé wọ́n fún un ní akọni, wọn kò gbà pé ó mọ̀wé ka.

Ní 1976, Wálé Adénúgà bẹ̀rẹ̀ Ikebe Super. Kò sí ẹni tí ó ń fò nínú rẹ̀. Papa Ajasco onírun-orí-pípá, tí obìnrin kì í kọjá lójú rẹ̀ kí ó má wò ó, ni àwọn ènìyàn ń rà á nítorí rẹ̀, àti Boy Alinco tí ó ń wọ ìjàngbọ̀n lójoojúmọ́. Ẹ̀fẹ̀ yìí sún mọ́ ti àwọn aláwàdà orí ìtàgé ju ti Amẹ́ríkà lọ, àwọn òǹkàwé sì tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí olólùfẹ́ kọ́míìkì bá fẹ́ mọ ohun tí òǹkàwé Nàìjíríà lè ṣe pẹ̀lú àpótí àwòrán nígbà náà, inú Ikebe Super ni yóò ti rí i, kì í ṣe inú ìrántí àwọn ayàwòrán Lọ́ńdọ̀nù.

Lónìí, ọ̀nà ti yí padà. Roye Okupe ni ó kọ Iyanu: Child of Wonder, Godwin Akpan ya á, ilé-iṣẹ́ Dark Horse ní Amẹ́ríkà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 2021, ó di eré àwòrán orí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Ọmọ Nàìjíríà ni ó ń sọ ìtàn fún àjèjì wàyí, orí ilẹ̀ Yorùbá sì ni ìtàn náà dúró lé. Kò sí àmì ohùn lórí orúkọ náà lára èèpo ìwé. Ọmọ Yorùbá tí ó bá mú un lọ́wọ́ ni yóò fi ohùn sí i fúnra rẹ̀.