Èrò Tó Ń Dá Rìn: Bunyan, Fágúnwà àti Ìwé Ìgbaniníyànjú

Bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé ìwé kan tún ayé òun ṣe, ohun tí mo máa ń bi í ni pé: nígbà tó kà á tán, ọ̀dọ̀ ta ni ìwé náà mú un lọ? Ìbéèrè yìí ni mo gbé dání tí mo fi tún padà sídìí Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́, ìwé John Bunyan tí David Hinderer, míṣọ́nnárì ọmọ Jámánì tó tẹ̀dó sí Kúdẹ̀tì n'Ìbàdàn, túmọ̀ sí Yorùbá, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1866.

Ọ̀rọ̀ kan nínú àkọlé náà kì í jẹ́ kí n tètè kọjá. Èrò ni ẹni tó ń rìnrìn-àjò. Èrò náà sì ni ohun tí ọkàn ń rò. Ohùn kan náà ni. Bóyá Hinderer mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é, bóyá kò mọ̀ ọ́n mọ̀, etí Yorùbá gbọ́ méjèèjì pa pọ̀: ẹsẹ̀ ń rìn, inú ń rò.

Iṣẹ́ dídí ìkòkò irin tó ń jò ni Bunyan ń ṣe ní agbègbè Bedford. Nígbà tó gbéyàwó, wọn ò ní abọ́, wọn ò ní ṣíbí tó ṣeé fi yangàn; ìwé ẹ̀sìn méjì tí bàbá ìyàwó fi sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni obìnrin náà gbé wọlé ọkọ, àwọn méjèèjì sì jọ máa ń kà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni Bunyan fi ọdún 12 ṣẹ̀wọ̀n torí pé kò gbà láti ṣíwọ́ ìwàásù. Ìwé rẹ̀, tó jáde ní 1678, fi ọkùnrin kan hàn wá tó wọ àkísà, tó gbé ẹrù pọ̀n, tó mú ìwé lọ́wọ́. Ó ṣí i, ó kà á, ó bú sẹ́kún. Ìwé kíkà ló jẹ́ kó mọ̀ pé ẹrù wà lẹ́yìn òun. Ẹ fi èyí wé The Power of Positive Thinking tí Norman Vincent Peale gbé jáde ní 1952: láti orí kìíní ló ti ń rọ òǹkàwé pé kó gbára lé ara rẹ̀. Mi ò ní sọ pé ìyẹn ò wúlò fún ẹni tí ìbẹ̀rù ti dè mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò lè bà wá nínú jẹ́ rí, àwa la ń kọ́ ọ, òun kọ́ ló ń kọ́ wa.

Ibi tí mo ti ń bá Bunyan jà ni ibi tí ọkùnrin yìí ti ń sá lọ. Ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọ ń ké pè é. Ó fìka di etí, kò wẹ̀yìn. Ó yé mi pé ẹnì kan ò lè bá ẹlòmíì gbàgbọ́. Síbẹ̀, èmi kì í ka ibẹ̀ kí n má dáwọ́ dúró. Àwòrán yẹn ló fara sin sínú ọ̀pọ̀ ìwé ìgbaniníyànjú tó kún àtẹ wa lónìí: yan àfojúsùn tìrẹ, sá fún ọ̀rẹ́ tí kò tẹ̀ síwájú, ṣọ́ àkókò rẹ. Ìyá, àbúrò, ará àdúgbò, gbogbo wọn di ìdènà lójú ọ̀nà ẹnì kan ṣoṣo.

Ìdílé irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò sì rí báyìí ní ìpìlẹ̀. Ní 1859, ọdún tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn l'Ábẹ́òkúta, ni Samuel Smiles gbé Self-Help jáde, tí àkọlé rẹ̀ ń wí pé kí kálukú ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ òṣìṣẹ́ kan ní Leeds ló bí i. Alaalẹ́ ni wọ́n ń pàdé, tí ẹni tó mọ díẹ̀ ń kọ́ ẹni tí kò mọ̀, kí wọ́n tó pe Smiles wá bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ ló bí ìwé náà. Àkọlé gbàgbé ẹgbẹ́.

Fágúnwà kò gbàgbé. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938, ìrìn àjò oníwàásù bíi ti Bunyan náà la bá, ṣùgbọ́n ọba ló rán àwọn ọdẹ lọ sí Òkè Láńgbòdó, torí ire ìlú. Ọjọ́ méje gbáko ni Ìrágbèje, ọlọ́gbọ́n ibẹ̀, fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì jókòó gbọ́ ọ pọ̀. Nínú Ìrìnkèrindò nínú Igbó Elégbèje tó kọ lẹ́yìn náà, èrò ọ̀nà ló ń gun òkè tí à ń pè ní Ìrònú! Kò sí àríwísí tó lè sọ ọ̀rọ̀ àkọlé Hinderer yéni tó bẹ́ẹ̀.

Bunyan fúnra rẹ̀ padà sẹ́yìn ní 1684. Nínú apá kejì, ìyàwó tí wọ́n fi sílẹ̀ náà gbéra, òun àtàwọn ọmọ àti ọ̀dọ́bìnrin aládùúgbò kan. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni èrò ń kún wọn. Ẹnì kan wà láàárín wọn tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára, tó ní kí wọ́n máa lọ, òun á kàn máa dí wọn lọ́wọ́. Afinimọ̀nà wọn kọ̀, ó ní àwọn á dúró dè é. Ibẹ̀ ni ọkùnrin kan tó fi ọ̀pá méjì tilẹ̀ rìn bá wọn, tó sì ní òun á yá a ní ọ̀kan. Ó dúpẹ́, ó ní òun ò tíì yarọ; ṣùgbọ́n bí ajá bá yọ sí òun lọ́nà, bóyá òun á bá a yá a.